Ẹ Fọwọ́ Bà Á: Iṣẹ́ Mi Láàárín Àwọn Ọkùnrin Tí Kì Í Sọ Ibi Tó Ń Dùn Wọ́n

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá bá mi níbi tí mo jókòó sí yìí, tí ẹ ń béèrè bóyá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dára fún ọkùnrin, ìbéèrè kan ṣoṣo ni èmi náà ní fún yín: ṣé ẹ ní sùúrù? Mi ò sọ sùúrù fún ẹ̀jẹ̀ o, mi ò sọ ti òórùn egbò. Ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́. Sùúrù tí mo ń wí ni ti àgbàlagbà ọkùnrin tó jókòó síwájú yín, tó fi ọwọ́ méjèèjì di abẹ́ ikùn mú, tí òógùn bò ó, tí ẹ wá bi í pé kí ló ń ṣe é, tó ní orí ló ń fọ́ òun. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni mo fi ọjọ́ ayé mi tọ́jú ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n sú mi nígbà náà, wọ́n ṣì ń sú mi títí di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò ní ìtàn. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, mo ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì díẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi mọ dókítà kan, ó mú mi lọ. Owó oṣù ńkọ́? Ẹ fìyẹn sílẹ̀, a jẹun.

Ilé ìwòsàn náà wà nínú ọ̀nà tóóró kan ní Ìdúmàgbò, ilé àtijọ́ àwọn Àgùdà, olójú fèrèsé onígi. Dókítà tó ni ín, ọmọ Àgùdà ni òun náà, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní Dókítà Àgùdà. Ọ̀rọ̀ abẹ́ ikùn ọkùnrin ló lọ kọ́ lókè òkun: ìtọ̀ tí kò jáde, ìtọ̀ tó ń ta, ìrora tó ń gba ìdí lọ sí itan. Kí n má purọ́, ọkùnrin náà le. Bí ẹ bá kí i láàárọ̀, á kọ́kọ́ wo ọwọ́ yín bóyá ó mọ́ kó tó dáhùn.

Odidi ọdún kan, gíláàsì ni mo ń fọ̀. Ife gíláàsì mẹ́ta la máa ń gbé fún ọkùnrin kọ̀ọ̀kan. Á tọ díẹ̀ sínú èkíní, á tọ púpọ̀ sínú èkejì, á sì tọ èyí tó kù sínú ẹ̀kẹta. Ti àkọ́kọ́ ló ń fọ ojú ọ̀nà, bí àtọ̀sí bá wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni ọyún á ti hàn. Ti àárín ń sọ bí inú àpò ìtọ̀ ṣe rí. Ti ìkẹyìn ló ń mú ọ̀rọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ kókó kan tó wà lọ́rùn àpò ìtọ̀ ọkùnrin, àti láti ìsàlẹ̀ àpò náà gan-an. Dókítà a gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú fèrèsé, á wò wọ́n bí obìnrin ṣe ń wo aṣọ lèésì lọ́jà, kó tó wá fi awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá yẹ̀ wọ́n wò.

Lọ́jọ́ kan ó rí ọṣẹ lára gíláàsì tí mo fọ̀. Kò bú mi. Ó bu omi sínú rẹ̀, ó ní kí n mu ún. Mo wojú rẹ̀ bóyá eré ni. Mo mu ún. Ó wá ní ohun tí èmi ò bá lè mu omi nínú rẹ̀, òun ò gbọdọ̀ fi sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé àìsàn báyìí ló ń ṣe é. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fọ gíláàsì bí ẹni tó fẹ́ fi gbé omi fún àna.

Òfin rẹ̀ kejì ni pé a kò gbọdọ̀ bi ọkùnrin pé kí ló ń ṣe é. A ó ní kó fọwọ́ bà á. "Ẹnu wọn ló ń purọ́," báyìí ló ṣe máa ń wí, "ọwọ́ wọn ò mọ irọ́ pa." Òwe ní ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Àwọn ọkùnrin wa mọ̀ ọ́n lóòótọ́, bàtà á máa ta wọ́n lẹ́sẹ̀, fìlà ni wọ́n á máa tọ́ka sí.

Gbogbo wọn ló sì ti yẹ ara wọn wò kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Kí ló fà á? Dídùn tí àwọn jẹ. Alábàárù kan wá láti Apọ́ngbọ̀n, ẹrù wúwo tó ń gbé ti sọ ìpá sí i lábẹ́, ìfun ti ń yọ́ wọlé síbẹ̀, ó ní òun ti dá ṣúgà dúró nínú ẹ̀kọ òun. Bàbá arúgbó kan wá tí kókó ọrùn àpò ìtọ̀ rẹ̀ ti wú dé ibi tó ń kán ìtọ̀ tó-tó-tó, òun náà ní jẹ̀dí ni. Akọ̀wé báńkì kan kò yàgbẹ́ dáadáa láti ìgbà tó ti ń jókòó sídìí tábìlì, agbo jẹ̀dí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró ló ń mu, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Ẹni tí kò bá sì ní jẹ̀dí nínú wọn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló rán an wá. "Nọ́ọ̀sì, ọ̀rẹ́ mi kan ni o, ibi kan ń dùn ún." Bí gbogbo ọ̀rẹ́ wọ̀nyẹn bá wà láyé lóòótọ́, Erékùṣù Èkó ò ní gbà wá.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ Alàájì Gàníyù. Mi ò fẹ́ràn láti máa sọ ọ́ nítorí pé inú á tún bí mi. Onílèésì ni Alàájì ní Ọjà Balógun, ilé wọn ò sì jìnnà sí tiwa. Èèyàn ńlá ni, agbádá rẹ̀ kì í hunjọ. Ìyàwó méjì ló ní. Ìyáálé ló bí àwọn ọmọ. Ìyàwó kékeré ń jẹ́ Sàfúrátù, ọmọ àáfà kan ní Òkè Sùnà, jẹ́jẹ́ ló máa ń lọ jẹ́jẹ́ ló máa ń bọ̀, òun ló sì ń bá ọkọ rẹ̀ dúró ní ṣọ́ọ̀bù. Orí rẹ̀ ni gbogbo nǹkan fẹ́ fọ́ lé.

Mọ́sáláṣí ni mo ti kọ́kọ́ fura. Alàájì tó jẹ́ pé sàfù àkọ́kọ́ ló máa ń wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́yìn pátápátá. Á ṣe àlùwàlá, á tún un ṣe, á tún padà lọ ṣe é, títí ìrun á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Àmọ́ ta ni mo jẹ́ tí n ó fi bi àgbà léèrè pé kí ló ń kán sí i lára?

Nígbà tó yá ó wá sọ́dọ̀ wa fúnra rẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn ń ro òun díẹ̀. Mo ní kí wọ́n fọwọ́ bà á, ó fọwọ́ ba tábìlì. Mo gbé gíláàsì mẹ́ta jáde, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní òun wà níbi ìkómọ mi, ọmọ tí òun bá wọn sọ lórúkọ kọ́ ló máa gba ìtọ̀ òun. Dókítà ní kò burú, kí Alàájì máa dá lọ sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ó pẹ́ níbẹ̀. A ò gbọ́ ìró kankan. Ó jáde, àwọn gíláàsì gbẹ bí mo ṣe gbé wọn fún un, ó ní ìtọ̀ náà ò tíì ṣe tán, òun á fi ránṣẹ́ láti ilé. Dókítà sọ fún un pé a kì í gba ìtọ̀ tó bá rin ìrìn àjò. Ni Alàájì bá kó agbádá rẹ̀ jọ, ó bínú lọ.

Kí ló wá ṣe? Ibi àyẹ̀wò kan wà ní Apọ́ngbọ̀n nígbà náà tó jẹ́ pé ohun tí o bá gbé wá ni wọ́n á gbà. Wọ́n di ìtọ̀ sí ìgò, Lásíìsì, àbúrò Alàájì tí wọ́n jọ ń gbé, ló gbé e lọ. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, Alàájá, tó jẹ́ olórí ilé, ló lọ gbọ́ èsì. Wọ́n ní àtọ̀sí ni. Kí ìrun alásáárì tó tó, gbogbo agboolé ti gbọ́. Wọ́n ní ìyáálé ti ń bí ọmọ fún Alàájì tipẹ́, àtọ̀sí ò wọlé, ta ni kó wá gbé e wọlé bí kò ṣe ìyàwó kékeré tó ń dúró ní ṣọ́ọ̀bù níbi tí ọkùnrin ti ń wọlé tí wọ́n ń jáde? Wọ́n kó ẹrù Sàfúrátù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní bí ààwẹ̀ Ràmàdáánì tó ń bọ̀ bá ti tán, Alàájì á kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Alàájì alára jókòó síbẹ̀, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Sàfúrátù gba ọ̀dọ̀ wa wá. Kò sunkún. Ó ní ká yẹ òun wò. Dókítà kọ ọ́ sí dókítà obìnrin kan, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ó gbé èsì náà lọ bá Alàájá, ìyẹn ní kò sí irú èsì tí èèyàn ò lè rà l'Ékòó. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Bàbá rẹ̀ wá mú un lọ sílé ní Òkè Sùnà, àwọn obìnrin àdúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọmọ wọn kúrò lọ́nà bó bá ń kọjá.

Ààwẹ̀ dé. Alàájì ń gba abẹ́rẹ́ àtọ̀sí lálaalẹ́ lẹ́yìn ìṣínu. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a gbọ́ ariwo lọ́nà. Ọmọláńkẹ́ tí wọ́n fi ń kó ẹrù lèésì ni wọ́n fi ti Alàájì wá. Ó ti lé ní ọjọ́ kan tí ìtọ̀ kankan ò jáde lára rẹ̀, ikùn rẹ̀ le bí igbá, ó sì ń ké bí ọmọdé. Gbogbo ìwà èèyàn ńlá ti fò lọ. Mo bọ́ ṣòkòtò rẹ̀, èmi ọmọ tó bá wọn sọ lórúkọ, kò sì rántí bá mi wí.

Dókítà ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ojú ọ̀nà ìtọ̀. Ó kan nǹkan kan lọ́hùn-ún, Dókítà rọra tì í, nǹkan náà yẹ̀ sẹ́yìn, ìtọ̀ sì tú sínú bàsíà tí mo gbé dání. Alàájì ké Alihamudulilai, omi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, Dókítà tún mú irin dídán kan tó tẹ̀ lórí, ó ki í bọ ibẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì ní kí n fi ìka kan ìdí irin náà. Ó yí i díẹ̀. Ó ró kó. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí bí eyín bá ṣe kòńgẹ́ òkúta nínú ẹ̀wà? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe wọ ìka mi.

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ìgbà tí inú bá ń bí i gan-an ló máa ń nu awò.

"Alàájì, òkúta ló wà nínú àpò ìtọ̀ yín. Àtọ̀sí kankan ò ṣe yín. Ìtọ̀ tí wọ́n gbé lọ sí Apọ́ngbọ̀n, ta ló tọ̀ ọ́?"

Alàájì kọjú sí ògiri.

"Lásíìsì ni. Mi ò rí nǹkan tọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ní kó bá mi tọ̀ ọ́ sí ìgò."

Ẹ gbọ́ o. Ọkùnrin yìí mọ̀! Láti ọjọ́ tí èsì ti dé ló ti mọ̀ pé ìtọ̀ òun kọ́. Wọ́n ń kó ẹrù ìyàwó rẹ̀ síta lójú rẹ̀, ó mọ̀. Wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́ àìsàn ẹlòmíràn, ó ń tẹ́ ìdí sílẹ̀ fún wọn. Gbogbo ẹ̀ nítorí kí ẹnì kan má baà gbọ́ pé Alàájì Gàníyù ò lè tọ̀. Mo ti rí àìsàn oríṣiríṣi, mi ò tíì rí èyí tó burú tó ìtìjú ọkùnrin. Dókítà kàn sọ fún un pé, "Ẹ bá àbúrò yín gba abẹ́rẹ́. Ta ni kó wá bá ìyàwó yín gba ìtìjú tiẹ̀?" Ó jáde kúrò nínú yàrá.

Lásíìsì ńkọ́? Òun náà yọjú lọ́jọ́ kejì, ó ń rìn gẹ̀ẹ́rẹ̀-gẹ̀ẹ́rẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ló ní àtọ̀sí. Dókítà ní kí ọ̀rẹ́ náà bọ́ ṣòkòtò.

Wọ́n gbé Alàájì lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀, òkúta náà hàn gbangba. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n yọ ọ́, ó tó ẹyin ẹyẹlé. Nígbà tí Dókítà bi í dáadáa bó ṣe ń lo ọjọ́ rẹ̀ lọ́jà, ọ̀rọ̀ jáde. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń tọ̀ lágbègbè ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Balógun àfi gọ́tà. Èèyàn ńlá ò lè lóṣòó sẹ́bàá gọ́tà kí àwọn oníbàárà máa kí i níbẹ̀. Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í mu omi láti àárọ̀ títí yóò fi ti ṣọ́ọ̀bù, ìtọ̀ tó bá sì gbọ̀n ọ́n, á mú un mọ́ra dé ilé. Ó ní bí òun bá dúró tọ̀, ó máa ń dá lójijì, àfi bí òun bá tẹ̀ba bí ẹni tó wà ní rúkúù kó tó tún ṣàn. Gbólóhùn yẹn nìkan, bó bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ tó fọwọ́ ba tábìlì, Dókítà ì bá ti mọ̀.

Iṣẹ́ náà yí padà lójú mi lẹ́yìn ìyẹn. Awò tó ń sọ kékeré di ńlá tí a máa ń gbé sójú oòrùn, wọ́n gbé oníná wá, bí iná bá sì lọ a tún padà sójú oòrùn. Gíláàsì di ike tí wọ́n ń lò tí wọ́n ń sọ nù, n kì í sì fọ nǹkan kan mọ́. Nígbà tó ṣe, ẹ̀rọ dé tí wọ́n ń fi ra ikùn tí òkúta á hàn lójú bí tẹlifíṣọ̀n, wọn ò ki irin bọ ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n tún ní ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà tó máa ń sọ bí kókó ọrùn àpò ìtọ̀ yẹn ṣe wà. Ó dára, mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò rí ẹ̀rọ tó ń la ọkùnrin lẹ́nu. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan ní kí ìyàwó rẹ̀ fi fóònù ya ìtọ̀ rẹ̀ kó fi ránṣẹ́ sí mi. Mo pa fóònù mi.

Mo ti fi Sàfúrátù sílẹ̀ sí Òkè Sùnà, ẹ jẹ́ n padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Alàájì kúrò nílé ìwòsàn, ó ṣe bí àwọn èèyàn wa ṣe máa ń ṣe: ó rán àgbààgbà lọ bẹ àna. Àwọn bàbá mẹ́ta tí ẹnu wọn dùn ló rán, Alàájá náà tẹ̀ lé wọn, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n mú èmi náà dání kí n lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìtọ̀. Mo ṣàlàyé rẹ̀ tán. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n gbàdúà, wọ́n ní iṣẹ́ Èṣù ni. Bàbá ìyàwó wo ọmọ rẹ̀. Sàfúrátù kúnlẹ̀ dáadáa fún gbogbo wọn kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin bàbá mi. Ẹ bá mi sọ fún Alàájì pé ìtọ̀ ni wọ́n lè rán ẹlòmíràn bá wọn tọ̀. Ẹ̀bẹ̀ yìí, kí wọ́n wá bẹ̀ ẹ́ fúnra wọn."

A dìde. Bí a ṣe ń bọ̀ lọ́nà, Alàájá ní ọmọ náà ti di aláfojúdi.

Mo rò pé Alàájì ò ní lọ. Ọjọ́ díẹ̀ sí i ló ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá di òun lápá mú, ojú abẹ náà ò tíì san tán. A rìn láti ilé wọn dé Òkè Sùnà, à ń sinmi lọ́nà, àwọn èèyàn ń kí i, ó ń dáhùn. Nígbà tí a wọlé, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀, ìyẹn ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ojú abẹ. Ó jókòó. Sàfúrátù jáde wá, ó kúnlẹ̀ kí i. Alàájì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ṣẹlẹ̀, ahọ́n àti eyín máa ń jà. Sàfúrátù jẹ́ kó sọ gbogbo ẹ̀ tán. Ó wá bi í ní ohun kan ṣoṣo.

"Alàájì, níbo ló ń dùn yín nígbà yẹn?"

Alàájì wo àna rẹ̀. Ó wo èmi. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀, ó fi lé abẹ́ ikùn gan-an, níbi tí mo ti ń ní kó fi lé láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

"Ibí ni. Mi ò lè tọ̀. Ojú tì mí, mo sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀sùn Lásíìsì kàn ọ́. Mo mọ̀ pé o ò ṣe nǹkan kan."

Sàfúrátù dìde, ó wọ inú ilé lọ, a sì gbọ́ tó ń kó ẹrù rẹ̀ jọ.

Èmi jókòó síbẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n gbá bàbá náà létí. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn, gbólóhùn bíi mélòó kan ni. Ká ní ó sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tí mo gbé gíláàsì mẹ́ta síwájú rẹ̀ ni, à bá ti parí rẹ̀ kí n tó lọ jẹun ọ̀sán.